Amúkùn-ún, Ẹrù Rẹ Wọ́: Háídírọ́líìkì àti Ṣọ́ọ̀kù Lábẹ́ Jíìpù Wa

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a bá àwọn mẹkáníìkì, awakọ̀ àti àwọn tó ni mọ́tò sọ ní Iléṣà)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, mo júbà yín. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì tí ẹ gbé iṣẹ́ jù sílẹ̀ nítorí ìpàdé yìí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin olóko kòkó, ẹ̀yin oníṣòwò, ọjà á tà o. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ wà lẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, ẹ kú ìdúró. Ọmọ Obòkun, mo kí gbogbo yín pátá.

Alága ní kí n má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ wa. Màá gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mọ́tò lẹ pè mí sí, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó nìyẹn. Ta ni nínú wa tí kò ra ṣọ́ọ̀kù rí? Ta ló rà á tán tí ẹsẹ̀ mọ́tò rẹ̀ kò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké kí ọdún tó yípo? Ẹ wo ibi tí à ń gbà. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìwàrà, tàbí tó ń lọ sí Ìtagúnmọ́dì àti Igún níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, ó mọ ohun tí ilẹ̀ pupa máa ń fojú mọ́tò rí lẹ́yìn òjò. Ẹni tó bá ti gba Ìmẹ̀sí-Ilé kọjá sí Òkè-Ìmẹ̀sí rí, kò dìgbà tí mo bá ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ òkè fún un. Ẹ̀rùn ńkọ́? Ilẹ̀ á gan, á yọ gálọ́ọ̀pù wẹ́wẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé òpin, eyín ẹni á máa gbá ara wọn lẹ́nu.

Ìbéèrè tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi nìyí: jíìpù tó ní háídírọ́líìkì, èyí tí à ń tẹ bọ́tìnì tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, àti jíìpù tí a ra ṣọ́ọ̀kù gidi sí lọ́jà, èwo ló yẹ ọ̀nà oko? Ìbéèrè tó dáa ni. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti dáhùn rẹ̀ kí n tó dé. Ìdáhùn náà ni: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ háídírọ́líìkì yẹn dànù, wàhálà ni." Àbí mo parọ́?

[Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.]

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá sí Iléṣà lónìí: ẹ má yọ ohun tí ẹ kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe lábẹ́ mọ́tò. Mo tún un sọ. Ẹ má yọ ohun tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n tán, tí ẹ wá ní yíyọ lẹ máa yọ ọ́, n kò ní bá yín jà.

Ta ló ru ẹrù, ta ló dì í mú?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù, torí ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣìnà. Obìnrin tó ru ìkòkò omi bọ̀ láti odò, orí rẹ̀ ló ru ìkòkò. Ọwọ́ kàn dì í mú ni, kí omi má baà máa dà. Tó bá mú ọwọ́ kúrò, ìkòkò á ṣì wà lórí, á kàn máa mì. Ṣùgbọ́n tí orí bá yẹ̀, kí ni ọwọ́ kan fẹ́ rí ṣe sí i? Lábẹ́ mọ́tò, sípíríńgì ni orí, ṣọ́ọ̀kù ni ọwọ́. Sípíríńgì ló ru mọ́tò àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tó lọ́ yípo, ìbáà jẹ́ lííìfù tí wọ́n tò lé ara wọn, ìbáà jẹ́ torsion bar, irin gbọọrọ tí wọ́n ń lọ́ bí mọ́tò bá ti ń tẹ̀. Ṣọ́ọ̀kù kò ru ohun tó tó kà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó má jẹ́ kí sípíríńgì máa fò.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Písítìn kan wà nínú ṣọ́ọ̀kù, ó ń lọ ó ń bọ̀ nínú ọ́ìlì. Ihò wẹ́wẹ́ ni ọ́ìlì ń rí gbà kọjá lára rẹ̀. Bí táyà bá ti kọlu gálọ́ọ̀pù, písítìn á fẹ́ sáré, ọ́ìlì kò ní gbà fún un. Agbára tí wọ́n fi ń bá ara wọn fà á yẹn kì í lọ lásán, ooru ló ń dà. Ìdí nìyẹn tí ẹ bá fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kù nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, tí ọwọ́ yín fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Bí ooru bá wá pọ̀ jù, ọ́ìlì á ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ tó wà pẹ̀lú rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ọn, á máa hó. Ọ́ìlì tó ti hó kò lè dá písítìn dúró. Awakọ̀ á ní ṣọ́ọ̀kù ti kú. Ẹ jẹ́ kó dúró síbi tó ní ibòji fún ìgbà díẹ̀, á tún jí. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù tí kò ṣe nǹkan kan ju pé ooru mú un lọ.

Ooru àti híhó yìí ni àwọn tó ṣe ṣọ́ọ̀kù gáàsì bá jà. Ará Faransé kan, Bourcier de Carbon, ló ronú pé kí wọ́n ki gáàsì náítírójìn sí ìdí ọ́ìlì pẹ̀lú agbára, kí wọ́n fi písítìn mìíràn pààlà sáàárín wọn, kí ọ́ìlì má baà ráyè hó. Ilé iṣẹ́ Bilstein ní Jámánì ló wá ṣe é lọ́pọ̀ fún Mercedes-Benz ní 1957. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e lọ́nà tiwọn: Koni ní Netherlands, Old Man Emu tí ARB ń tà ní Ọsirélíà, Fox ní Amẹ́ríkà. Òmíràn ní agolo ọ́ìlì tí wọ́n so kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọ́ìlì lè pọ̀, kó sì máa tètè tutù. Ohun tí ẹ ń sanwó fún nìyẹn: ọ́ìlì tó pọ̀, gáàsì tí kì í jẹ́ kó hó, písítìn tó tóbi. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, mi ò sọ pé ṣọ́ọ̀kù kankan ń gbé mọ́tò sókè.

Háídírọ́líìkì pọ̀ ní oríṣi

Èyí gan-an ni mo bá wá. Bí a bá ti gbọ́ háídírọ́líìkì, a rò pé ẹyọ nǹkan kan ni. Rárá o.

Èyí tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ ni ti Citroën DS, tí wọ́n fi han ayé ní Paris ní 1955. Paul Magès ló wà nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀. Táyà kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù irin kan. Náítírójìn wà lókè nínú bọ́ọ̀lù, ọ́ìlì wà nísàlẹ̀, awọ róbà wà láàárín. Kò sí sípíríńgì irin níbẹ̀ rárá. Gáàsì yẹn ni sípíríńgì, ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọ inú bọ́ọ̀lù sì ni ṣọ́ọ̀kù. Níbẹ̀, orí àti ọwọ́ di ọ̀kan náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ 1962, wọ́n da ìbọn bo mọ́tò tí de Gaulle, ààrẹ Faransé nígbà náà, wà nínú rẹ̀ ní Petit-Clamart. Táyà bẹ́, awakọ̀ kò dúró, mọ́tò náà gbé wọn jáde. DS ni.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ èyí tó ń bọ̀ sí yáàdì yín. Lexus LX 470, tó jáde ní 1998, ní èyí tí Toyota ń pè ní AHC. Wọ́n tún gbé e sí LX 570, ó sì wà lára LX 600 títí dòní. Pọ́ǹpù kan tó ń lo iná ń ti ọ́ìlì lọ síbi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bọ́ọ̀lù gáàsì wà fún táyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ bọ́tìnì, ó gòkè. Ẹ tún un tẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Torsion bar wà níwájú LX 470, sípíríńgì wà lẹ́yìn, ẹ ó sì rò pé àwọn ló ru gbogbo ẹrù. Wọn kò rù ú tán o! Toyota mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wọ́n kí wọ́n rọ̀, torí pé ọ́ìlì náà ń ru nínú ẹrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí.

Ọkùnrin kan tó ń ra kòkó ní agbègbè yìí ra LX 470 tòkúnbọ̀. Láìpẹ́, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í le, ó ń já a ní ẹ̀yìn. Ẹni tó gbé e lọ bá ní háídírọ́líìkì ti kú. Wọ́n gé páìpù, wọ́n tẹ ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kù mẹ́rin láti ọjà Ládìpọ̀ ní Èkó sí i. Mọ́tò jókòó. Táyà iwájú ń ha ara. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀kù náà kò lágbára, ó tún lọ ra èyí tó nípọn jù ú lọ. Mọ́tò ṣì jókòó síbẹ̀. Kí ló fà á? Ṣé ẹ ti rí i? Wọ́n ti yọ apá kan orí kúrò, wọ́n wá ń ki ọwọ́ sí i. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, torsion bar ti Land Cruiser 100 tí kò ní AHC, èyí tó le ju tirẹ̀ lọ, la wá sí iwájú, a fi sípíríńgì tó le sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀kù kejì tó rà yẹn náà la dá padà sí i. Ó dìde. Ó ń ṣiṣẹ́ di ìsinsìnyí.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí ni pé ó ṣeé ṣe kí háídírọ́líìkì rẹ̀ má tíì kú. Ohun tó sábà máa ń mú kí AHC le ni pé gáàsì inú bọ́ọ̀lù ti dínkù. Gáàsì kì í gbé inú awọ róbà títí láé. Bọ́ọ̀lù náà ṣeé pààrọ̀, ẹ máa tú u bí ẹ ṣe ń tú ọ́ìlì fílítà ni. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo kóńgò ọ́ìlì AHC, ìlà wà lára rẹ̀. Ẹ gbé mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ sí Lo, ibi tó rẹlẹ̀ jù, ẹ ka ibi tí ọ́ìlì dé. Ẹ gbé e lọ sí Hi, ibi tó ga jù, ẹ tún un kà. Lára LX 470 tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣì tuntun, ìyàtọ̀ náà á tó bí ìlà 14. Tó bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 7, gáàsì ti lọ. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kò gbà yín ní àkókò tí ẹ máa fi jẹ ẹ̀kọ tán.

Òmíràn ni KDSS. Ilé iṣẹ́ Kinetic ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà ló ronú kàn án, Lexus GX 470 ló kọ́kọ́ gbé e ní 2004, kó tó dé ara Land Cruiser 200 àti Prado 150. Eléyìí kì í gbé mọ́tò sókè, kò sì ru ẹrù. Stabilizer ló ń darí, irin tó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì kí mọ́tò má baà fì ní kọ́ńnà. Sílíńdà ọ́ìlì kan wà lára ti iwájú, ọ̀kan wà lára ti ẹ̀yìn, páìpù so wọ́n pọ̀. Tí ẹ bá ń yí kọ́ńnà lórí títì, ọ́ìlì kò ráyè lọ, irin náà le. Tí ẹ bá wọ oko, tí táyà iwájú kan gòkè tí ti ẹ̀yìn ní ìhà kejì náà gòkè, ọ́ìlì á sá láti sílíńdà kan sí èkejì, irin náà á tú, táyà á tẹ ilẹ̀. Sípíríńgì àti ṣọ́ọ̀kù lásán ló ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè ra èyí tó wù yín sí i. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń gé KDSS? Mọ́tò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ní ó ti bàjẹ́. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ tú nọ́ọ̀tì fáàfù méjèèjì díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì pín ara rẹ̀ dọ́gba, ẹ dì í padà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ó parí.

Ẹ̀kẹta ni Nissan Patrol Y62, tó jáde ní 2010, èyí tó gbé HBMC. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ! Ṣọ́ọ̀kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni páìpù so mọ́ra wọn, tọ̀tún pẹ̀lú tòsì. Nítorí èyí, Nissan kò fi stabilizer sí i rárá. Ẹ yọ HBMC, ẹ fi ṣọ́ọ̀kù olówó iyebíye sí i, ẹ wá sáré wọ kọ́ńnà títì Akúrẹ́. Kí ló fẹ́ di mọ́tò yẹn mú kó má ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́? Ẹni tó bá máa yọ ọ́ gbọ́dọ̀ wá stabilizer sí i, níwájú àti lẹ́yìn.

Ti Range Rover tí ẹ ń pariwo lé lórí, afẹ́fẹ́ ni, kì í ṣe ọ́ìlì, láti 1992 ni wọ́n ti ń fi sí i. Ọjọ́ mìíràn là ń sọ tirẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà náà ti dé: ilé iṣẹ́ mọ́tò BYD gbé DiSus-P, háídírọ́líìkì tiwọn tó ń lo ọ́ìlì, jáde ní 2023. Ẹ múra sílẹ̀.

Ohun mẹ́ta tó ń pa á lọ́wọ́ wa

Kí n tó kúrò lórí háídírọ́líìkì. Àkọ́kọ́, ọ́ìlì. Ọ́ìlì bíréèkì kì í ṣe ọ́ìlì AHC. Wọ́n á ní ọ́ìlì ni ọ́ìlì, wọ́n á dà á sí i. Róbà inú rẹ̀ kò jọ ti bíréèkì. Á wú, á rọ̀, á máa jò níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó wá ní Toyota ò mọ̀ ọ́n ṣe. Citroën fúnra wọn fi ọ́ìlì aláwọ̀ ewé, LHM, rọ́pò èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ ń fa omi mọ́ra, ó ń mú irin dípẹtà. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń dọ́gbọ́n sí.

Ìkejì, iyọ̀. Tòkúnbọ̀ tó wá láti Kánádà tàbí apá òkè Amẹ́ríkà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn lórí títì tí wọ́n ń da iyọ̀ sí nítorí yìnyín. Ara rẹ̀ lè máa dán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Páìpù háídírọ́líìkì á ti dípẹtà, nọ́ọ̀tì fáàfù KDSS á ti gan. Ẹni tó fẹ́ ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ láìwo abẹ́, owó rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣeré.

Ìkẹta, ẹ̀mí. Bọ́tìnì OFF wà fún AHC. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó fi jáàkì gbé mọ́tò. Má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ pé ọ́ìlì ló gbé e dúró, ìwọ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí, bí ọ̀gá rẹ tilẹ̀ ń pariwo lé ọ lórí. Tí ẹ bá tú ojú ihò tí ọ́ìlì AHC ń gbà jáde nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, mọ́tò á wálẹ̀ lójijì. Wọn kì í fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ pa owó ṣọ́ọ̀kù mọ́.

Ṣọ́ọ̀kù ọjà náà ní tirẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ pé ẹ̀yin ò ní háídírọ́líìkì, ó kàn yín. Àwọ̀ là ń fi ra ṣọ́ọ̀kù níhìn-ín. Pupa ni, yẹ́lò ni, ó nípọn, ó dára. Ta ló bèèrè bí mọ́tò ṣe wúwo tó? Ṣọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣe fún jíìpù tó ru ẹrù, tí ẹ bá fi sí jíìpù òfìfo, á máa gbọ̀n yín bí ẹni ń yọ èkùrọ́. Ẹ fi èyí tí wọ́n ṣe fún jíìpù òfìfo sábẹ́ mọ́tò tó ń ru kòkó, ọ́ìlì rẹ̀ á hó kó tó dé Ìfẹ̀wàrà.

Ṣọ́ọ̀kù tòkúnbọ̀ ńkọ́? N kò fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ọjà jà, ṣùgbọ́n mi ò ní rà á. Ohun tí à ń rà lára ṣọ́ọ̀kù ni ọ́ìlì àti róbà tí ó ṣì lágbára, ìyẹn gan-an ni ẹni àkọ́kọ́ ti lò tán. Ayédèrú sì wà, páálí rẹ̀ máa ń dára ju ti ojúlówó lọ.

Gbígbé mọ́tò sókè tún wà. Àwọn ọmọ òde òní fẹ́ kí Hilux ga. Ínṣì 2 kò burú. Kọjá ibẹ̀, ṣáfúù tó ń yí táyà iwájú á dagun, róbà tó bò ó á tètè ya, ẹrẹ̀ á wọlé, mọ́tò á sì túbọ̀ rọrùn láti ṣubú. Ẹni tó ní AHC lè ga nígbà tó bá wọ ẹrẹ̀, kó padà wálẹ̀ nígbà tó bá dé títì. Ẹni tó fi sípíríńgì gbé tirẹ̀ sókè ti ga nìyẹn, nínú oko àti lórí títì. Ibi tí háídírọ́líìkì ti jù wá lọ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́.

Èwo wá ni?

Mo ṣèlérí pé màá dáhùn. Mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ lóko lójoojúmọ́, tó ń ru kòkó, tó ń ru òkúta níbi ìwakùsà, ẹ fún un ní sípíríńgì tó bá ẹrù rẹ̀ mu àti ṣọ́ọ̀kù gáàsì ojúlówó. Bó bá bàjẹ́ ní Igún, ẹnikẹ́ni tó ní sípánà lè pààrọ̀ rẹ̀. Jíìpù tó ń gbé èèyàn, tó ń lọ Èkó lónìí tó ń lọ abúlé lọ́la, tó sì ti bá AHC wá, ẹ tọ́jú AHC rẹ̀, ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀lù. Kò sí ṣọ́ọ̀kù tí ẹ máa rà tó máa rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó sì tún ga nígbà tí ẹ bá fẹ́. KDSS, ẹ fi í sílẹ̀. HBMC, ẹ fi í sílẹ̀ àyàfi tí ẹ bá ní owó stabilizer.

Ohun kan ló kù fún ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú háídírọ́líìkì. Oríkì wa ní Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Obòkun ti í múná roko. Ẹ ra ọ́ìlì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ra bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí èyí tó wà lára mọ́tò tó kú, torí ẹ kò ní rí i rà ní ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Ìbéèrè

Màmá kan béèrè pé: "Hilux mi ń ru kòkó láti Ìfẹ̀wàrà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ṣé kí n ra ṣọ́ọ̀kù tó nípọn?"

Ẹ ṣeun, mà. Ṣé ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín? Ẹ̀yìn tó tẹ̀, lííìfù ló tẹ̀. Ẹ fi lííìfù kan kún un tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ṣọ́ọ̀kù. Ẹ sì din àpò kòkó kù, mà. Ẹ má bínú.

Ọ̀gá kan ní ẹ̀yìn béèrè pé LX 470 kan wà ní yáàdì òun, onímọ́tò ti san owó pé kí àwọn yọ AHC rẹ̀ lọ́la, kí ni kí òun ṣe?

Ṣé ó wà níta níbí? Ó wà níta? Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹ má tíì mú sípánà kankan dání. A óò gbé e sí Lo, a óò ka ìlà ọ́ìlì. A óò gbé e sí Hi, a óò tún un kà. Tí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá kéré, bọ́ọ̀lù mẹ́rin ló fẹ́ rà, ẹ dá owó tó kù padà fún un. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ bọ́ síwájú, ẹ̀yin lẹ máa kà á. Ẹni tó bá ní tọ́ọ̀ṣì kó mú un bọ̀.